Ìmúra TP ní ilẹ̀ Okun: kí ọmọ kíláàsì rẹ rí nǹkan ṣe títí agogo yóò fi lù

Àìmọ̀wé kọ́ ló sábà máa ń ba TP, iṣẹ́ ìkọ́ni tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ máa ń lọ ṣe nílé ìwé, jẹ́ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ NCE (ìwé ẹ̀rí olùkọ́) lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wọn mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ dunjú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnu olùkọ́ máa sọ nìkan ni wọ́n kọ sínú nóòtù. Wọn kò kọ ohun tí ọwọ́ ọmọ máa ṣe. Wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ náà tán ní ìṣẹ́jú 12, ìṣẹ́jú 23 á ṣẹ́ kù nínú 35 tí píríọ́dù ní, wọn á wá dúró pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ogójì ọmọ á máa wò wọ́n. Ariwo ò ní pẹ́ sọ.

Kírẹ́díìtì 6 ni TP nínú ètò NCE, kò sì sí kóòsì mìíràn tó lè dí àlàfo rẹ̀. Ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ á tún un ṣe kó tó lè gbàwé ẹ̀rí. Nítorí náà, má dúró de ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa pín lẹ́tà ilé ìwé tí kálukú máa lọ kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìmúra.

Lọ wo ilé ìwé náà kí wọ́n tó wọlé

Bí lẹ́tà bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, gba ibẹ̀ lọ, ìbáà jẹ́ àárín Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogí níbí ni, ìbáà jẹ́ abúlé kan ní Bùnú tí ọ̀kadà nìkan ń dé nígbà òjò. Kí ọ̀gá ilé ìwé kí o tó sọ ohun tó gbé ọ wá. Ẹni tó bá jẹ́ ará ilẹ̀ wa á mọ̀ pé “okun o”, ìkíni ilẹ̀ Okun, tó ti ẹnu ọmọdé wá tọkàntọkàn máa ń ṣílẹ̀kùn ju lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, “ẹ jọ̀wọ́ sà” tàbí “ẹ jọ̀wọ́ mà” ni kó máa bá gbogbo ìbéèrè rẹ rìn.

Béèrè kíláàsì tí wọ́n fún ọ, iye ọmọ tó wà níbẹ̀, àti bóyá kíláàsì méjì ni wọ́n pa pọ̀ sábẹ́ olùkọ́ kan. Gba àdàkọ iṣẹ́ tó wà fún sáà, kí o sì bi olùkọ́ kíláàsì pé ọ̀sẹ̀ kelòó ló bá iṣẹ́ dé ní tòótọ́, torí ohun tó wà nínú ìwé àti ibi tí àwọn ọmọ dé lè jìnnà síra wọn. Wo ìwé kíkà tí wọ́n ń lò àti iye ọmọ tó ní in. Má gbàgbé ọjọ́ ọjà. Ọjà tó ń yí ká lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún kì í dúró sójú kan nínú ọ̀sẹ̀. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ tí o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, ìdajì kíláàsì lè má wá, o ó sì tún un kọ́ lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ àtúnyẹ̀wò ni kí o fi sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ra ohun èlò rẹ nílùú ńlá kí o tó lọ: páálí ṣọ́ọ̀kì funfun kan àti aláwọ̀ kan, káádìbọ́ọ̀dù mẹ́wàá, máákà dúdú, búlúù àti pupa, rúlà pátákó, àti rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó. Ká káádìbọ́ọ̀dù, kí o sì fi ọ̀rá wé e lókè nísàlẹ̀. Òjò kan ṣoṣo lórí ọ̀kadà ti tó láti ba gbogbo àwòrán rẹ jẹ́.

Ìdánrawò láàárín ara yín

Máíkírò-tíṣìn tí ẹ ń ṣe kí TP tó dé kì í ṣe eré. Ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ni Dwight Allen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1963, ìlànà rẹ̀ kò sì le: ẹ̀kọ́ kúkúrú bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ọmọ kíláàsì díẹ̀, ọgbọ́n ìkọ́ni ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Wàá kọ́ni, wọn á sọ ibi tó kù sí, wàá tún un kọ́. Apá ìkẹyìn yìí, àtúnkọ́, ni ọ̀pọ̀ ń fò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni oògùn rẹ̀.

Aṣiṣe tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti mọ ìdáhùn. O bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n dáhùn wàrà, o sì rò pé o ti mọ iṣẹ́. Yan ẹni méjì nínú wọn kí wọ́n máa ṣi ìdáhùn bí ọmọdé ṣe máa ń ṣì í. Gbé fóònù sẹ́yìn kíláàsì kó máa ká ọ. Bí o bá wò ó, ka iye ìgbà tí o sọ “ṣé ó yé yín?” Kò sí ọmọ tí í dáhùn “rárá” sí ìbéèrè yẹn, kò sì sọ nǹkan kan fún ọ.

Nóòtù ẹ̀kọ́, àti ìṣẹ́jú 35

Orí nóòtù kò nira: ọjọ́, kíláàsì, iye ọmọ àti ọjọ́ orí wọn, iṣẹ́, orí-ọ̀rọ̀, àkókò. Lẹ́yìn èyí ni ète, ohun èlò, ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá, ìfáàrà, ìgbésẹ̀ ìkọ́ni, ìgbéléwọ̀n, ìkádìí àti iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ bá ní bátànì tirẹ̀, òun ni kí o tẹ̀ lé.

Ète ni alábòójútó tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ rán wá wò ọ́ máa kọ́kọ́ fi bírò pupa fà. “Kí àwọn ọmọ mọ ìyọkúrò” kò ṣeé wọ̀n. Kò sí bí o ṣe máa rí “mọ” tàbí “lóye” lójú. Kọ ohun tí ojú lè rí: “Lópin ẹ̀kọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò lè yọ nọ́ńbà oní-dígíìtì méjì kúrò nínú òmíràn, níbi tí ẹyọ òkè ti kéré sí ẹyọ ìsàlẹ̀.” Ète méjì tàbí mẹ́ta ti tó fún píríọ́dù kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi 52 − 27 fún kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ 40, ẹgbẹ́ mẹ́jọ, ọmọ márùn-ún nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ kan nílò ẹyọ ìgbálẹ̀ 52: ìdì márùn-ún tí mẹ́wàá mẹ́wàá wà nínú rẹ̀, àti ẹyọ méjì lọ́tọ̀. Ní àpapọ̀, ẹyọ ìgbálẹ̀ 416 àti rọ́bà 40. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí o dì wọ́n. Bí o bá ní kí àwọn ọmọ máa dì í nínú kíláàsì, agogo á lù lórí ìdì kẹta.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin àkọ́kọ́, fún wọn ní 48 − 23, èyí tí wọ́n ti mọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, kọ 52 − 27 sí pátákó, kí o sì ní kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ láìkọ́ wọn ní nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ á kọ 35. Wọ́n rí i pé 2 kò gba 7, wọ́n yí i po, wọ́n yọ 2 nínú 7, wọ́n rí 5. Wọ́n yọ 2 nínú 5, wọ́n rí 3. Má bínú, má sì pa á rẹ́. Kọ 35 sí ẹ̀gbẹ́ pátákó, kí o fi í síbẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ti ìgbálẹ̀. Sọ ohun tí wọ́n máa ṣe tán kí o tó pín in, torí bí rọ́bà bá ti dé ọwọ́ wọn, etí ti dí. Ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ọ ní ẹyọ méje. Méjì péré ló wà nílẹ̀. Wọn á wo ara wọn, ọ̀kan á na ọwọ́ sí ìdì kan, á wò ọ́ lójú bóyá o máa kọ̀. Má sọ̀rọ̀. Jẹ́ kó tú u. Ẹyọ ti di 12. Wọ́n fún ọ ní méje, márùn-ún kù. Ìdì ti di mẹ́rin. Wọ́n fún ọ ní méjì, méjì kù. 25. Gba gbogbo ìgbálẹ̀ padà kí o tó kọjú sí pátákó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà á máa fò lẹ́yìn rẹ.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà, fi ìṣirò náà hàn ní òpó ẹ̀wá àti ẹyọ, kí o gé 5 kó di 4. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kí kálukú ṣe 41 − 18, 63 − 36 àti 70 − 24 sínú ìwé rẹ̀, kí ìwọ máa rìn láàárín wọn. Ẹni tó bá kọ 54 fún èyí tó kẹ́yìn ṣì ń yí i po. Jókòó tì í. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó kù, pe ọ̀kan nínú àwọn tó kọ 35 jáde kó ṣàlàyé ibi tó ti ṣì, lẹ́yìn náà fún wọn ní méjì lọ sílé.

Bí o bá ń fi Yorùbá ṣàlàyé, ṣọ́ra fún orúkọ nọ́ńbà. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kò fi ẹ̀wá méjì àti ẹyọ méje han ọmọ. Ọgbọ̀n ló gbọ́. “Ìdì méjì àti ẹyọ méje” ni kí o máa pè é títí ìṣirò náà yóò fi wọ̀ wọ́n lára.

Èdè wo ni kí o fi kọ́ wọn?

Ìlànà èdè tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2022 ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Kọ nóòtù rẹ ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, àyàfi ti iṣẹ́ Yorùbá, kí o sì bi ọ̀gá ilé ìwé léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Níbi tí ọmọ bá ti dákẹ́ bí omi inú àmù, gbólóhùn kan ní èdè ilé á tú u.

Èdè ilé yìí náà ní ẹ̀ka. Òwé ni wọ́n ń sọ ní Kàbà, Yàgbà ní Ìsánlú, bẹ́ẹ̀ ni Ìjùmú àti Bùnú ní tiwọn. Nínú iṣẹ́ Yorùbá, Yorùbá àjùmọ̀lò ni ìwé ń lò, ọmọ á sì fi ti ilé rẹ̀ dáhùn. Fífi pupa gé e bí àṣìṣe kò dára. Kọ méjèèjì sí pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí o sọ èyí tí ìdánwò fẹ́. Má sì gbàgbé àwọn ọmọ Ẹ̀bìrà, Hausa tàbí Fúlàní tó wà nínú kíláàsì. Àlàyé Yorùbá tó ń tú àwọn yòókù lè jẹ́ odi fún wọn. Mú wọn jókòó níwájú, kí àwòrán àti nǹkan àfọwọ́kàn sì máa pọ̀.

Pátákó, ìbéèrè, ariwo

Pín pátákó sí mẹ́ta: òsì fún orí-ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀ tuntun tí kò ní parẹ́ títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí, àárín fún iṣẹ́, ọ̀tún fún ohun tí o lè pa rẹ́. Kí àwọn ọmọ tó dé, kọ ìlà kan, kí o sì lọ jókòó ní àga ẹ̀yìn pátápátá. Bí ìwọ kò bá rí i kà, àwọn náà kò ní rí i.

Bi gbogbo kíláàsì ní ìbéèrè kí o tó pe orúkọ. Bí o bá kọ́kọ́ pe orúkọ, àwọn mọ́kàndínlógójì yòókù ti sinmi. Lẹ́yìn ìbéèrè, ka mẹ́ta nínú ọkàn rẹ. Ìwádìí Mary Budd Rowe ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń dúró, àti pé bí wọ́n bá dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn ọmọ máa ń gùn sí i, ó sì máa ń dára sí i.

Ibi mẹ́ta ni ariwo ti ń wá: ìgbà tí o ń pín nǹkan, ìgbà tí ọmọ tó yára ti parí, ìgbà tí o kẹ̀yìn sí wọn kọ̀wé pẹ́. Yan ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti máa gba nǹkan. Fi ìbéèrè kan tó le díẹ̀ sí igun pátákó fún àwọn tó bá yára. Ohun tó bá gùn ju ìlà mẹ́ta, ilé ni kí o ti kọ ọ́ sórí káádìbọ́ọ̀dù. Ní ti pàṣán, má fọwọ́ kàn án. Àlejò ni o níbẹ̀. Bí ọmọ bá fara pa, ilé ẹ̀kọ́ rẹ ni òbí máa bá lọ.

Níbi tí wọ́n ti pa kíláàsì kẹta àti ìkẹrin pọ̀, kọ́ ọ̀kan nígbà tí èkejì ń kọ̀wé, kí o sì ṣe pàṣípààrọ̀ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15. Iṣẹ́ ìkọ̀wé náà gbọ́dọ̀ wà ní pátákó kí agogo tó lù.

Nígbà tí alábòójútó bá yọ lójú ìlẹ̀kùn

Kò ní ránṣẹ́ ṣáájú. Ṣètò àga kan sẹ́yìn kíláàsì lójoojúmọ́, kí fáìlì nóòtù rẹ wà lórí rẹ̀. Bó bá wọlé, kí àwọn ọmọ kí i, kí o sì tẹ̀síwájú láti ibi tí o dé. Bó jẹ́ ìgbéléwọ̀n lo wà, ìgbéléwọ̀n ni kó bá. Àwọn kan á sáré padà sí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ lánàá torí pé ó dùn, ọmọ kan níwájú á sì ké pé, “Àǹtí, ẹ ti kọ́ wa ní èyí!” Kò sí máàkì tó ń yọ nínú ìyẹn.

Lẹ́yìn tó bá lọ, kọ gbogbo ohun tó sọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí nóòtù ọjọ́ kejì sì fi hàn pé o ti tún ọ̀kan ṣe. Alábòójútó kejì máa ń ka ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, dá rẹ́jísítà àti ìwé máàkì padà fún olùkọ́ kíláàsì, kí ó sì fọwọ́ sí i pé ó gbà á. Gba lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé kí o tó kúrò nílùú, torí lílọ bíbọ̀ nítorí ìbuwọ́lù kan lásìkò òjò kò rọrùn. Tọ́jú nóòtù tó dára jù márùn-ún, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ alábòójútó lára wọn, sínú fáìlì kan; ilé ìwé aládàáni máa ń béèrè irú rẹ̀. Lẹ́yìn NCE, ìforúkọsílẹ̀ pẹ̀lú TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ló kàn, Ẹ̀ka D ni ti oní-NCE, o ó sì ṣe ìdánwò wọn. Rí i dájú pé orúkọ rẹ lórí ìwé ẹ̀rí NCE, ìwé ìbí àti fọ́ọ̀mù náà bára mu ní lẹ́tà dé lẹ́tà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá yàtọ̀ á kọ́kọ́ lọ búra ní kóòtù.