Bí A Ṣe Ń Fi Àwòṣe Orí Kọ̀ǹpútà Dín Ìdúró Aláìsàn Kù

Kí alábòójútó ilé ìwòsàn tó gba dókítà sí i tàbí kó tó kọ́ yàrá tuntun, ó lè kọ́kọ́ dán èrò rẹ̀ wò lórí àwòṣe, ìyẹn ẹ̀dà ilé ìwòsàn náà tí a fi ìṣirò ṣe sórí kọ̀ǹpútà, níbi tí àṣìṣe kò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára. Orí ìbéèrè kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. "Báwo la ṣe lè tún ilé ìwòsàn wa ṣe?" ti fẹ̀ jù, ohun tí àwòṣe lè dáhùn ni "Bí a bá fi dókítà kan kún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò dín kù nínú àkókò tí aláìsàn fi ń dúró?"

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ̀ lé aláìsàn láti ẹnu ọ̀nà títí yóò fi lọ, kí ẹ sì kọ ìgbà tó dé, ìgbà tí wọ́n pè é àti ìgbà tó jáde sílẹ̀. Ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè pẹ̀lú, nítorí ohun tó wà nínú ìwé ìlànà kì í sábà bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu.

Ìpíndọ́gba ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ká ní dókítà kan ń lo ìṣẹ́jú 10 lórí aláìsàn kan ní ìpíndọ́gba, tí iṣẹ́ sì ń gba ìdá 80 nínú 100 àkókò rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìpíndọ́gba nìkan ṣírò yóò ní kò sí ẹni tó máa dúró. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn kì í tò wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àìsàn wọn kò sì dọ́gba. Nínú àwòṣe ìlà (ìyẹn ìṣirò nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń tò dúró de iṣẹ́) tó rọrùn jù lọ, ìdúró wọn yóò tó ìṣẹ́jú 40 ní ìpíndọ́gba. Bí iṣẹ́ bá gba ìdá 90, ó di ìṣẹ́jú 90. Bí ó bá gba ìdá 95, ó di 190. (Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ló bí ìmọ̀ nípa ìlà yìí: Agner Krarup Erlang, ará Denmark, ló gbé e jáde ní 1909.) Nítorí náà, gbogbo àkókò tí ẹ kọ sílẹ̀ ni kí ẹ fi bọ́ àwòṣe, èyí tó kúrú àti èyí tó gùn.

Ilé ìwòsàn bó ṣe wà lónìí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe àwòṣe rẹ̀. Bí ìdúró tó gbé jáde kò bá sún mọ́ èyí tí ẹ fojú rí, ẹ má tíì gbà á gbọ́. Bó bá bá a mu, ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà, kí ẹ sì jẹ́ kí àwòṣe náà ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, torí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò yàtọ̀ sí ọjọ́ kan tó bọ́ sí rere tàbí tó bọ́ sí búburú. Ẹ dán àtúntò wákàtí tí a ń dá fún aláìsàn wò ṣáájú ìgbanisíṣẹ́. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń jábọ̀, ẹ sọ iye aláìsàn tó dúró ju wákàtí kan lọ nínú 100.