Ẹ má fi 111 nìkan yan ẹṣin: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú eré ẹṣin afòdènà

Àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kìn-ín-ní ni. Mo dúró sínú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mo ti fi bírò yí orúkọ ẹṣin kan ká nínú ìwé ìròyìn, torí pé 111 ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta tó sáré kẹ́yìn, òun ló ṣe ipò kìíní nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó tì mí pẹ̀lú tíì lọ́wọ́ yọjú wo ìwé mi. Ó ní, "Àbúrò, ṣé o gbọ́ òjò tó rọ̀ mọ́jú?" Mo ní, "Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n." Ó ní, "Ẹṣin tìẹ ò gbọ́."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó. Ẹṣin mi bá àwọn yòókù sá a dáadáa fún nǹkan bíi máìlì méjì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Ẹrọ̀fọ̀ ti bo ojú agẹṣin, aṣọ tó funfun tẹ́lẹ̀ ti pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀. Nígbà tó ku fẹ́ǹsì mẹ́ta, ó fa ìjánu, ó dá ẹṣin dúró, àwọn méjèèjì wá ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bọ̀ bí ẹni tó ti ọjà dé láìtà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó lọ wo ìtàn ẹṣin náà. Ìgbà ooru ló gba ipò kìíní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Àwọn àgbà tó gbọ́njú mọ pápá eré ẹṣin Èkó kó tó di Tafawa Balewa Square á rántí bí ilẹ̀ ṣe máa ń mì bí ẹṣin bá ń kọjá. Ẹ fi fífò kún un, ẹ ti dé ibi tí mo ń lọ. Eré afòdènà gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ireland àti ilẹ̀ Faransé, ìgbà òtútù sì ni ọjọ́ rẹ̀ gan-an. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Họ́dù ni èyí tó kéré: ó ga ju mítà kan lọ díẹ̀, ó sì máa ń tẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá kàn án. Fẹ́ǹsì ni àgbà rẹ̀: ó tó nǹkan bíi mítà 1.4, kì í sì í fojúure wo ẹṣin tó bá fi àyà gbá a.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ ń ṣìnà ni àwọn nọ́ńbà yẹn. Ọwọ́ òsì ni eré tó ti pẹ́ wà, ọwọ́ ọ̀tún ni tàìpẹ́. Ẹni tó bá rí 1134P tó sì ń yọ̀ sí 11 ti ka ìwé sódì, torí P ni ìròyìn tuntun: agẹṣin dá ẹṣin dúró, kò parí eré. F ni pé ẹṣin ṣubú. U ni pé ẹṣin dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣùgbọ́n agẹṣin já bọ́. Òdo ni pé ó ṣe ipò kẹwàá tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Ìlà kékeré tó dùbúlẹ̀ sáàárín nọ́ńbà ya sáà kan sọ́tọ̀ sí èkejì, ìlà tó dà gbọ̀n-ọ́n bí èyí / sì ń sọ pé ẹṣin náà ti fo odidi sáà kan láìsáré. Mo ti rí ẹni tó sá fún ẹṣin torí F kan ṣoṣo, láìwò ó pé fẹ́ǹsì tó kẹ́yìn ló ti ṣubú, nígbà tó ti fi àwọn yòókù sílẹ̀ pátápátá. Èmi á mú irú F bẹ́ẹ̀ ṣáájú ipò kẹta tí ẹṣin fi tipátipá gbà. P méjì tó tẹ̀ léra ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ilẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó mi ti rì jù. Gbogbo pápá ló máa ń kéde bí ilẹ̀ ṣe rí: ó le díẹ̀, ó dára, ó rọ̀, tàbí ó ti di ẹrọ̀fọ̀ tó wúwo. Ìkéde àárọ̀ kì í ṣe ìkéde ọ̀sán. Bí òjò bá rọ̀ láàárín eré kejì sí ẹ̀kẹta, wọ́n á tún un kéde, àmọ́ ẹni tó ti fowó lé ẹṣin láti alẹ́ àná ò ní gbọ́. Nínú ẹrọ̀fọ̀, eré máìlì mẹ́ta máa ń gba ẹṣin lágbára bíi pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹṣin tó lè sáré fùrùfùrù lórí ilẹ̀ gbígbẹ lè wá di ìgbín, nígbà tí èyí tí kò yá rárá á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbẹ́ poro, á sì kọjá gbogbo wọn nígbà tó bá kù díẹ̀. Ṣíṣe rẹ̀ ò le: ẹ wo eré márùn-ún sẹ́yìn, ẹ kọ bí ilẹ̀ ṣe rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ipò tó ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí lónìí bá jẹ́ ẹrọ̀fọ̀, tí ẹṣin yín ò sì tíì fẹsẹ̀ kan ẹrọ̀fọ̀ rí, kì í ṣe ẹṣin 111 lẹ fẹ́ fowó lé mọ́. Ẹṣin tí ẹ ò mọ̀ rí ni.

Pápá náà ní ìwà tirẹ̀. Kempton tẹ́jú, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń yí sí níbẹ̀, ẹsẹ̀ yíyá ló ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ òsì ni Cheltenham, ó ń gòkè ó ń sọ̀, òkè ni wọ́n sì ń gùn wá síbi òpó ìparí. Àìmọye ẹṣin ló ń fo ìdènà tó kẹ́yìn ní Cheltenham gẹ́gẹ́ bí aṣíwájú, tí òkè yẹn á sì gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ẹṣin kan tó ń jẹ́ Desert Orchid jẹ ìdíje King George ní Kempton lẹ́ẹ̀mẹrin, gbogbo ayé sì mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ló fẹ́ràn láti yí sí. Ó jẹ Gold Cup ti Cheltenham ní 1989 lóòótọ́, nínú ẹrọ̀fọ̀, àmọ́ ìjà ló jà kó tó rí i gbà. Bí ẹ bá rí C lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹṣin, ó ti borí ní pápá yẹn rí. D ni pé ó ti borí níbi tí eré gùn tó bẹ́ẹ̀. CD ni pé ó ti ṣe méjèèjì pọ̀ nínú eré kan náà. Lẹ́tà kékeré wọ̀nyẹn ń sọ̀rọ̀ ju àwọ̀ aṣọ agẹṣin lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ńkọ́? Nínú eré tí wọ́n ń pè ní háńdíkáàpù, ẹṣin tó dáa jù ni wọ́n ń di ẹrù tó wúwo jù fún, kí gbogbo wọn lè ní àǹfààní kan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wo ibẹ̀ rárá. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú Grand National ti 1973 ní Aintree. Ẹṣin tó ń jẹ́ Crisp gbé sítóònù 12, ìyẹn nǹkan bíi kílò 76. Red Rum gbé sítóònù 10 àti pọ́n-ùn 5, kò ju nǹkan bíi kílò 66 lọ. Eré tó lé ní máìlì mẹ́rin ni, fẹ́ǹsì 30, Crisp sì ti fi gbogbo wọn sẹ́yìn réré. Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, Red Rum sì wò ó títí. Lẹ́yìn fẹ́ǹsì tó kẹ́yìn, Crisp bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, Red Rum bá a nígbà tó ku ìṣísẹ̀ díẹ̀, ó sì fi ohun tí kò tó gígùn ẹṣin kan borí. Kílò mẹ́wàá ló wà láàárín wọn. Ẹni tó bá ti gbé àpò ìrẹsì kílò mẹ́wàá láti ọjà Peckham dé ilé mọ ohun tí mo ń sọ.

Má gbàgbé, ẹṣin tó mọ họ́dù fò lè má mọ fẹ́ǹsì fò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀gá orí họ́dù bá dé iwájú fẹ́ǹsì, mo máa ń ká ọwọ́ mi sápò.

Ó wá ku àwa tá a fẹ́ràn ẹṣin ààyò, ìyẹn èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé á borí. Bí wọ́n bá kọ 1/2 sí ẹṣin kan, ẹ fi pọ́n-ùn 2 lélẹ̀ kẹ́ ẹ tó jèrè 1, ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ borí nínú eré méjì nínú mẹ́ta kí owó yín tó dọ́gba lásán. Ọ̀pọ̀ wá ń so irú wọn mẹ́rin pọ̀ sórí ìwé kan. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà: bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní àǹfààní méjì nínú mẹ́ta, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ borí kò tó ẹyọ kan nínú márùn-ún. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹta, 2015, ní Cheltenham, agẹṣin Ruby Walsh gun ẹṣin mẹ́ta tí Willie Mullins ń tọ́ borí lọ́sàn-án ọjọ́ kan: Douvan, Un De Sceaux, Faugheen. Ẹ̀kẹrin ni Annie Power, 1/2 ló wà. Àwọn tó so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ti ń ka owó. Annie Power síwájú dé họ́dù tó kẹ́yìn, ó fò, ó sì ṣubú. Glens Melody, láti ilé Mullins kan náà, ló gbà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ló tún rí níbẹ̀ ní 2025. Ẹṣin ààyò, Constitution Hill, tó wà ní 1/2, ṣubú láàárín ìdíje Champion Hurdle. State Man gba iwájú, kò sẹ́ni tó tún lè bá a, ó dé ìdènà tó kẹ́yìn, òun náà ṣubú. Golden Ace tó wà ní 25/1, ìyẹn ni pé pọ́n-ùn 1 á jèrè 25, ló borí. Kò sí bí ìṣirò ṣe péye tó, ìdènà ṣì wà lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn sá lọ bá ẹṣin 100/1. Foinavon borí ní Grand National 1967 ní 100/1 torí pé àwọn tó wà níwájú kọlu ara wọn níbi fẹ́ǹsì kan, ó sì rí àyè kọjá nítorí pé ó ti jìnnà sẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ fẹ́ǹsì yẹn títí dòní. Èyí tí wọ́n fi sọrí fẹ́ǹsì, ẹ mọ̀ pé kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹni tó ń ta "ẹṣin ìdánilójú" fún yín lórí WhatsApp, ẹ bi í pé kí ló dé tí kò fi gbogbo owó rẹ̀ lé e. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Eré bíi mẹ́fà tàbí méje ló máa ń wà ní pápá kan lọ́jọ́ kan, kò sì sófin tó ní kẹ́ ẹ dá sí gbogbo wọn. Èmi máa ń kọ́kọ́ pa eré tí ẹṣin tuntun bá pọ̀ nínú rẹ̀ rẹ́, torí kò sí ìtàn tí màá kà. Nínú èyí tó kù, ẹṣin tí kò lè borí ni mo ń wá kí n tó wá èyí tó lè borí: eléyìí ò fẹ́ ẹrọ̀fọ̀, eléyìí ò tíì sá tó máìlì mẹ́ta rí, tọ̀hún ẹrù ti pọ̀ jù. Bó bá ku méjì tàbí mẹ́ta, mo wo iye tí wọ́n kọ sí wọn. Bí iye náà ò bá tẹ́ mi lọ́rùn, mo ra tíì. Ẹ̀gbọ́n ọjọ́ yẹn lè wo eré méje láìná ju owó tíì lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tún wo àwọn ẹṣin tí wọ́n ti yọ kúrò. Bí ẹ bá ti gba iye kan, tí wọ́n wá yọ ẹṣin tó lágbára, wọ́n á gé nínú èrè yín. Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í rí: bó bá jẹ́ ẹṣin kan ṣoṣo tó fẹ́ràn iwájú ni wọ́n yọ, eré náà á falẹ̀, àwọn tó kù á máa wojú ara wọn títí di ìdènà méjì tó kẹ́yìn, ẹṣin yín tó lágbára fún eré gígùn kò sì ní rí ibi tó máa lo agbára náà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ya ìwé àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tún eré náà kà láti òkè.