Bí a ṣe ń pa process kí ẹrù server lè fúyẹ́, láìba nǹkan jẹ́

Ìkànnì ò ṣí mọ́, àwọn oníbàárà ń pè lórí fóònù, ẹ wọ inú server, ẹ tẹ `uptime`, ohun tí ẹ sì rí nìyí:

`load average: 24.10, 22.75, 15.30`

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á wá process (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nínú server) tó ń jẹ CPU jù lọ, wọ́n á sì pa á. Pípa náà kọ́ ni àṣìṣe. Ìṣẹ́jú kan tó tẹ̀ lé e ni mo ti ń rí wàhálà. Wọ́n á pa ọ̀kan, wọ́n á wo nọ́ńbà yẹn, kò ní tíì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á pa èkejì, wọ́n á pa ẹ̀kẹta, títí ọwọ́ wọn yóò fi kan èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Nítorí náà, n ó sáré kọjá lórí ohun tó rọrùn, n ó sì dúró dáadáa níbi pípa àti ìdúró tó tẹ̀ lé e. Linux ni mò ń bá wí níbí.

Ẹ mọ ohun tí nọ́ńbà náà ń kà

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń lọ ata ní àárọ̀ Sátidé. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Abọ́ tí wọ́n ń lọ lọ́wọ́ àti abọ́ tó tò sílẹ̀, ẹ ka gbogbo wọn pọ̀: iye yẹn ni ẹrù, tí `uptime` ń pè ní load average. CPU ni ẹ̀rọ, process ni abọ́. Bí `nproc` bá sọ fún yín pé CPU mẹ́rin ni ẹ ní, tí ẹrù sì jẹ́ 4, gbogbo ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì dúró. Bó bá di 24, ogún abọ́ ló wà nílẹ̀. Ẹ má ṣe ka ẹrù láìtíì tẹ `nproc`, torí 24 kò tó nǹkan fún server tó ní CPU 32.

Láti ọdún 1993 ni Linux ti ń ka nǹkan mìíràn mọ́ ọn: process tó ń dúró de dísíìkì, tí kò lo CPU rárá. Ó dà bí abọ́ tí ìyá tó ni ín fi sórí ìlà, tó ní òun ń lọ ra tàtàṣé díẹ̀ sí i. Abọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú iye tí a kà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí ẹrù 24 kí CPU sì wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wá ẹni tó wà lórí ìlà

`htop` lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n kì í wà lórí gbogbo server, àsìkò tí server ń kú lọ kọ́ sì ni ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nǹkan tuntun sí i. Èyí ni èmi ń lò:

`ps -eo state,pid,ppid,user,etime,args | awk '$1 ~ /^[RD]/'`

Lẹ́tà àkọ́kọ́ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ wò. R ń lo CPU tàbí ó ń tò fún un. D ń dúró de dísíìkì tàbí ibi ìpamọ́ tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí D bá pọ̀, ẹ wo `wa` nínú `top`, ó sábà máa ń ga. Ẹ lè rí Z níbòmíràn: òkú ni ìyẹn, òbí rẹ̀ ni kò tíì wá gbé e. Kò sí nínú ẹrù, ẹ̀yin náà kò sì lè pa òkú. Ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ wo `ppid` pẹ̀lú, èyíun nọ́ńbà òbí. Bí ẹ bá pa ọmọ php-fpm kan (ètò tó ń ṣiṣẹ́ PHP fún ìkànnì), òbí rẹ̀ á bí òmíràn. Bó bá jẹ́ systemd (ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ àwọn iṣẹ́ server, tó sì ń ṣọ́ wọn) ló ń bójú tó o, tí wọ́n sì kọ `Restart=always` síbẹ̀, á tún dìde lẹ́yìn ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Mo ti rí ẹni tó pa process kan náà ní ìgbà mẹ́jọ, tó rò pé kò gbọ́ràn. Tuntun ni ó ń pa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. PID, èyíun nọ́ńbà ìdámọ̀ process, ń yí padà lójú rẹ̀, kò sì kíyè sí i. Ẹ kọ́kọ́ tẹ `systemctl status` pẹ̀lú PID náà. Yóò sọ orúkọ iṣẹ́ tó ni ín fún yín. `systemctl stop` ni ẹ ó fi dá irú rẹ̀ dúró, ẹ má ṣe lo `kill`.

Kí ẹ tó pa á, ẹ dá a dúró ná

Èyí ni àṣà tèmi, n kò sì gbà kí ẹni tí mò ń kọ́ níṣẹ́ fò ó (ẹ fi PID tiyín rọ́pò 4127):

`kill -STOP 4127`

Process náà á dúró síbi tó wà bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ há lẹ́nu. Kò kú, kò sì tò fún CPU mọ́. Bí ìlà bá kúrú (`vmstat 1` ni ẹ ó fi wò ó, mo ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀), òun lẹni tí ẹ ń wá. Bí kò bá kúrú, ẹ tẹ `kill -CONT 4127`, yóò tẹ̀ síwájú níbi tó dé. Pípa kò ṣeé dá padà. Èyí ṣeé dá padà. Ṣùgbọ́n mẹ́mórì tó mú dání ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà kò wúlò bó bá jẹ́ mẹ́mórì ló tán. Ẹ má sì ṣe é fún dátábéèsì, torí gbogbo ẹni tó ń dúró dè é á há pẹ̀lú rẹ̀.

Ìgbà mìíràn, kò tilẹ̀ yẹ ní pípa. Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì àmọ́ tí kò kánjú, `renice -n 19 -p 4127` á mú kó máa yọ̀ǹda fún àwọn tó kù. Ẹrù lè má sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ìkànnì á tún máa ṣí, ìyẹn sì ni oníbàárà ń fẹ́.

Pípa gan-an

`kill 4127`

Ó tó bẹ́ẹ̀. Àmì (signal) 15 ni èyí ń fi ránṣẹ́. Ó ń sọ fún process pé kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kó máa lọ. Ó nílò àsìkò láti kọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú fáìlì, láti ti fáìlì, láti dágbére fún dátábéèsì. Ẹ ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ kà á lóòótọ́, ẹ má ṣe méfò. systemd fúnra rẹ̀ máa ń dúró tó 90 kó tó lo agídí.

Ní àsìkò tí ẹ ń kà yìí, ẹrù lè *gòkè*. Ibí ni àyà ti máa ń já ènìyàn. Process tí mẹ́mórì rẹ̀ ti wọ inú swap (àyè orí dísíìkì tí a ń kó mẹ́mórì sí) ní láti kó o jáde láti orí dísíìkì kó tó lè palẹ̀ mọ́. Dátábéèsì tí ẹ dá ìbéèrè ńlá kan dúró nínú rẹ̀ ní láti tú gbogbo ohun tó ti kọ ká. Iṣẹ́ ni ìyẹn náà, ó sì ń tò sórí ìlà. Ẹ fi sílẹ̀ kó parí.

Àmì 9 ni ìkẹyìn. Process kì í mọ̀ pé ó ń bọ̀. Kernel, ọkàn Linux fúnra rẹ̀, ló ń gba ẹ̀mí rẹ̀. Mẹ́mórì rẹ̀ á padà, ṣùgbọ́n fáìlì tó kọ dé ìdajì á wà ní ìdajì, fáìlì tó fi ṣe àgádágodo sì lè wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má ṣe fi 9 pa dátábéèsì láé. Nínú PostgreSQL, bí ẹ bá fi 9 pa ọmọ kan ṣoṣo, òbí wọn á lé gbogbo àwọn ọmọ yòókù jáde, á sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, nítorí kò mọ ohun tí òkú yẹn ti bàjẹ́ nínú mẹ́mórì tí wọ́n jọ ń lò. Bí ẹ bá fẹ́ dá ìbéèrè kan dúró, `pg_cancel_backend` wà fún èyí. Nínú MySQL, `SHOW PROCESSLIST` kí ẹ sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú `KILL QUERY`.

Mo ń bá ilé iṣẹ́ kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ nígbà kan. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti pa á o, ó tún ń gòkè ni." Ó ti rí mysqld, process dátábéèsì MySQL, lókè nínú `top`, ó sì ti fi 9 pa á. systemd gbé e dìde, mysqld bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ ṣe, iṣẹ́ kún ọwọ́ dísíìkì, àwọn oníbàárà sì ń tẹ ojú ìwé náà léraléra. Nígbà tí mo fi wọlé, 24 ti di 61. Bẹ́ẹ̀, mysqldump méjì (ètò tó ń ṣe backup dátábéèsì) ló fà á: cron, tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àkókò tí a yàn fún un, ti bẹ̀rẹ̀ backup kejì kí ti àkọ́kọ́ tó parí. Lóòótọ́ ni mysqld ń jẹ CPU, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì yẹn ló ń rán an níṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì `kill` lórí wọn, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí.

Process tó wà ní D kì í sábà gbọ́ 15, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà gbọ́ 9, títí ohun tó ń dúró dè yóò fi dé. Bí kò bá gbọ́, títẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mẹ́wàá kò yí nǹkan kan padà. Dísíìkì tàbí ibi ìpamọ́ tó jìnnà yẹn ni kí ẹ lọ tún ṣe.

Ẹ tún ṣọ́ra fún `pkill -f`, torí gbogbo ohun tí wọ́n tẹ sí àṣẹ náà ló ń yẹ̀ wò. Ẹni tó bá tẹ `pkill -f python` gẹ́gẹ́ bíi root (ẹni tó ní gbogbo àṣẹ lórí server) ti pa fail2ban tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. Ẹ tẹ `pgrep -af` ná, ẹ ka orúkọ tó bá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdúró

Nọ́ńbà ẹrù kì í sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí. Ìpíndọ́gba ni: ti ìṣẹ́jú 1, ti 5, ti 15, kernel sì ń kà á ní bíi ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún márùn-ún. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ti pa ẹni tó tọ́, ìlà sì ti tú pátápátá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 10, nọ́ńbà àkọ́kọ́ á ṣì wà ní nǹkan bí 20. Lẹ́yìn ọgbọ̀n, ó kù díẹ̀ kó tó 15. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, bíi 9; méjì, bíi 3; mẹ́ta, bíi 1. Ti ìṣẹ́jú 15 á ṣì ga fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá wo `uptime` lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, tó rí 20, á rò pé òun kò rí ẹni náà mú, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti parí.

Nítorí náà, kí ẹ tó pa ohunkóhun, ẹ ṣí terminal kejì, ẹ tẹ `vmstat 1` síbẹ̀. Òpó `r` ni àwọn tó ń lo CPU tàbí tó ń tò fún un, òpó `b` ni àwọn tó há sídìí dísíìkì, ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹn gan-an. Nígbà tí `r` bá ti wá sísàlẹ̀ iye CPU yín, tí `b` sì di 0, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù.

Ti backup tó ń gun ara wọn lórí yẹn, ìlà kan nínú cron ló tó:

`*/30 * * * * flock -n /var/lock/backup.lock /usr/local/bin/backup.sh`

Bí ti àkọ́kọ́ kò bá tíì parí, èkejì á bá ilẹ̀kùn ní títì, á sì padà láìṣe ohunkóhun.