Ìpepadà ọkọ̀: ohun tí àwọn onípíkọ́ọ̀pù ń bi mí nípa airbag

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó iṣu àti pákó wọ Ìlọrin ti ń yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, fóònù lọ́wọ́, kí n wá gbọ́ ohùn kan tó ń káàkiri lórí WhatsApp pé airbag inú ọkọ̀, àpò tó ń fẹ́ síwájú awakọ̀ bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ń pa awakọ̀. Ẹlòmíì ní irọ́ ni. Ẹlòmíì ní kí ọmọ iṣẹ́ mi já a dànù lójú ẹsẹ̀. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí, ẹnu ti ń ro mí.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ranger ọdún 2006 ni mo fi ń kó iṣu láti Òmù-Àrán wá sí Ìpàtà. Ṣé òótọ́ ni, àbí àwọn tó fẹ́ ra ọkọ̀ wa lówó pọ́ọ́kú ló ń gbé e kiri?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n, irú tiyín sì lè wà lára àwọn tó le jù. Takata, ilé-iṣẹ́ Japan kan, ló ṣe airbag ọ̀hún. Agolo irin kékeré kan wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ẹ̀tù inú agolo á gbiná, atẹ́gùn rẹ̀ á sì fẹ́ àpò náà kí ojú èèyàn tó kan sítíárìn. Ammonium nitrate ni Takata fi ṣe ẹ̀tù tirẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó wà nínú ajílẹ̀, wọ́n sì mọ bí ajílẹ̀ ṣe ń rí tí ọ̀rinrin bá wọ inú àpò rẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ní ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, lọ́dún dé ọdún, títí ẹ̀tù tí wọ́n tẹ̀ le bí hóró oògùn á fi rún wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń la pákó á tètè mọ ohun tí mò ń sọ: ìtì igi ń jó jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ da ìyẹ̀fun pákó sínú iná, kí ẹ wo bó ṣe máa bú. Bí ẹ̀tù yẹn ṣe ń bú nìyẹn. Agolo ò ní lè gbà á, á fọ́, àfọ́kù irin á gba inú àpò já, á lọ bá ọrùn àti ojú awakọ̀.

Èèyàn méjì ló kú báyìí nínú Ranger 2006 ní Amẹ́ríkà kí Ford tó sọ ní oṣù kìíní ọdún 2018 pé kí àwọn tó ní irú rẹ̀ kan má wà á mọ́ rárá. Kì í ṣe gbogbo Ranger o, kì í sì í ṣe Ford nìkan. Dodge Ram àti Toyota Tundra kan wà níbẹ̀. Agolo tí wọ́n pè padà, ìyẹn ni pé wọ́n ní kí àwọn tó ni ọkọ̀ gbé e wá kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, tó mílíọ̀nù 67 ní Amẹ́ríkà nìkan. Ẹ wá ro ti ọkọ̀ tó ń sùn sínú oòrùn Ìlọrin láti oṣù kejì títí òjò á fi dé.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọn ò kọ lẹ́tà sí mi?

Ìdáhùn: Ẹni tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ló ni ọkọ̀ yẹn lọ́hùn-ún ni wọ́n kọ ọ́ sí, Àlááji. Orúkọ yín ò sí nínú ìwé wọn. Tòkúnbọ̀ ni.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá tèmi wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Nọ́ńbà ṣáásí ni ẹ máa wá, lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 17. Ẹ dúró síta, ẹ wo inú wínsíkírínì níhà awakọ̀, ẹ máa rí i lórí dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú pátápátá. Ó tún wà lára sítíkà ibi tí ilẹ̀kùn awakọ̀ ti ń padé. Ẹ fi fóònù ya á, ẹ lọ sórí nhtsa.gov/recalls, ìkànnì àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnìkan wá bá mi láti Ọ̀fà, ó ní íntánẹ́ẹ̀tì lé òun. Ìgbà tí mo gba fóònù rẹ̀, lẹ́tà O ló ń tẹ̀ níbi tó yẹ kó tẹ òdo. Kò sí I, O tàbí Q nínú nọ́ńbà yẹn, ẹ má tẹ̀ wọ́n. Ẹ má sì gbára lé èyí tó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lè ti ṣì í.

Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ni ibẹ̀ mọ̀. Onihílúùsì, ẹ lọ sí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yín, tàbí ẹ kó nọ́ńbà yín lọ bá aṣojú wọn.

Ìbéèrè: Mo ní awakọ̀ tó ń bá mi wa Tundra 2005. Iná airbag rẹ̀ ò tàn, ṣé kò sí wàhálà nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá, Màmá. Àìsàn ẹ̀tù kì í tan iná. Ẹ ní kó ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tíì dáná sí ọkọ̀: iná yẹn gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó tó kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kí rewáyà kan ti gé e. Mo ti ṣí dáṣíbọ́ọ̀dù kan rí, fóòmù ibùsùn tí wọ́n ká, tí wọ́n sì fi téèpù dúdú dè, ni mo bá níbi tí airbag yẹ kó wà. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà ti kì í gbé fóònù.

Ti Tundra yẹn, ẹ̀gbẹ́ èrò ni ìpepadà rẹ̀. Kí ẹ tó yanjú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ níwájú, pàápàá ọmọdé.

Ìbéèrè: Mẹkáníìkì mi ní òun máa yọ ọ́, òun á fi Belgium sí i.

Ìdáhùn: Belgium tó ti ara ọkọ̀ ọdún kan náà wá ńkọ́? Ẹ̀tù yẹn náà ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti dàgbà bí tiyín. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ ọ fọwọ́ kàn án: iná tó kù nínú wáyà lè tan ẹ̀tù náà sí i lójú, kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ bátìrì.

Bí ìkànnì bá ní ọkọ̀ yín wà níbẹ̀, ẹ tẹ ojú ìwé náà jáde, kí ẹ mú un lọ bá aṣojú ilé-iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe. Níbí, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé. Bí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ yín falẹ̀, ẹ kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ oníbàárà. Yóò gba sùúrù, mi ò ní tàn yín.

Èyí tí wọ́n bá ti ní “má wà á”, ẹ pa á tì, ẹ fi ọkọ̀ ẹlòmíì kó iṣu. Fún ìyókù, ẹ de bẹ́líìtì, ẹ fà sẹ́yìn: láti àyà yín dé àárín sítíárìn kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 25, rúlà ọmọ iléèwé fi díẹ̀ gùn jù ú lọ.

Ìbéèrè: Bí mo bá fẹ́ ta tèmi, ṣé dandan ni kí n sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á?

Ìdáhùn: Ẹ sọ ọ́. Ẹ fi ojú ìwé yẹn hàn án kó tó kówó sílẹ̀.