Bí Ìdílé Ṣe Lè Múra Sílẹ̀ fún Ìpàgọ́ Àkọ́kọ́ Wọn ní Èkìtì

Kí ìdílé tí kò sùn sínú àgọ́ rí tó ra ohunkóhun, ohun méjì ni kí wọ́n kọ́kọ́ fẹnu kò lé lórí: ibi tí wọn yóò sùn àti oṣù tí wọn yóò lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa bẹ̀rẹ̀ láti ọjà, wọn a ra àgọ́ ńlá àti àga tó ṣe é ká, lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí wọn yóò kó wọn lọ. Ibi tó ní alámòójútó, omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe pàtàkì fún olùbẹ̀rẹ̀ ju àgọ́ olówó gọbọi lọ, nítorí pé bí òru bá le, ìrànlọ́wọ́ wà nítòsí.

Ìkògòsí ni mo máa ń dárúkọ fún ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbéra láti Adó yóò gba Ìyìn àti Arámọkọ kọjá kó tó débẹ̀. Omi gbígbóná àti omi tútù ń sun níbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pàdé, ẹwà náà sì tó ohun tí ọmọdé kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n kí òbí mọ̀ pé omi gbígbóná náà tó nǹkan bí 70 ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ní orísun rẹ̀, tí yóò sì ti wálẹ̀ sí bí 37 níbi tó ti pàdé omi tútù. Omi tó gbóná tó 70 lè bó ọmọ lára, nítorí náà ibi ìpàdé omi méjèèjì ni kí wọ́n ti fọwọ́ kàn án.

Ẹ pe àwọn alámòójútó ibùdó náà ṣáájú, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n gbà kí ènìyàn pàgọ́ sórí ilẹ̀ wọn, ibi tí a ti lè dáná, àti bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń ṣí lóru. Bí wọn kò bá gbà, ẹ gba yàrá kan, kí ẹ se oúnjẹ alẹ́ níta, kí ẹ sì pa àlọ́ fún àwọn ọmọ lábẹ́ òṣùpá. Ìyẹn náà jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó dára. Láti ibẹ̀, omi Àrìnta tó ń já wálẹ̀ láti orí òkè ní Ìpólé-Ìlórò kò jìnnà, ẹ sì lè yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Bí ó bá jẹ́ ibòmíràn lẹ fẹ́, ẹ rántí pé kò sí ilẹ̀ tí kò ní ẹni tó ni ín ní Èkìtì. Ẹ kí ọba tàbí baálẹ̀ ìlú náà, kí ẹ gba àṣẹ, kí ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n ń bọ àti ọjọ́ tí a kì í wọ igbó. Òkè Olósunta ní Ìkéré, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ òkè tí wọ́n ń bọ tí wọ́n sì ń ṣe ọdún fún. Kì í ṣe ibi tí àlejò kàn lè ta àgọ́ sí nítorí pé ojú rẹ̀ wù ú.

Ní ti oṣù, òjò máa ń rọ̀ ní Èkìtì láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ọ̀nà ìsun omi a máa yọ̀, odò sì lè kún lójijì. Ìparí oṣù kọkànlá ni mo fara mọ́ jù. Bí ọyẹ́ bá ti mú gan-an, òru a tutù lórí àwọn òkè ìhà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, eruku a máa yọ ẹni tí mímí ń nira fún lẹ́nu, ewu iná ìgbẹ́ sì pọ̀. Ẹ mú àkókò tí òṣùpá ń mọ́lẹ̀, nítorí ó ń dín ẹ̀rù àwọn ọmọdé kù. Alẹ́ kan ṣoṣo ti tó fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn àjò, ẹ ta àgọ́ náà sí àgbàlá yín, kí gbogbo ìdílé sùn sínú rẹ̀ mọ́jú, kí ẹ sì da omi lé e lórí láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Òru yẹn ni ẹ ó mọ ẹni tí òtútù ń mú, ọmọ tó ń bẹ̀rù òkùnkùn, àti ohun tí ẹ gbàgbé. Àgọ́ tí wọ́n kọ ènìyàn mẹ́rin sí lára kì í gba ẹni mẹ́rin pẹ̀lú ẹrù wọn. Kí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin ra ti ẹni mẹ́fà, kó ní ilẹ̀ tí wọ́n rán mọ́ ọn àti àwọ̀n ẹ̀fọn lójú fèrèsé. Ilẹ̀ wa ní òkúta púpọ̀, nítorí náà ẹ mú òòlù àti èèkàn irin tó le. Ẹ tẹ́ ẹní àti fóòmù sílẹ̀ dáadáa, torí ilẹ̀ ló ń fa ooru ara jáde lóru ju atẹ́gùn lọ.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ta àgọ́ síbi tó ga díẹ̀, tó jìnnà sí etí odò, kí ẹ sì wòkè bóyá ẹ̀ka gbígbẹ wà lórí yín.

Ẹ ṣírò omi mímu àti omi ìdáná sí lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lóòjọ́; ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún yóò nílò lítà 20, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì ńlá kan. Bí odò tilẹ̀ mọ́ gaara, ẹ se omi rẹ̀ kí ẹ tó mu ún. Ní ti oúnjẹ, ẹ ra iyán nínú ìlú ní ọ̀sán, nítorí odó kì í ṣe ẹrù ìrìn àjò. Iṣu sísun pẹ̀lú epo pupa àti iyọ̀ dára fún alẹ́, ó sì ń jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín ṣiṣẹ́ nídìí iná. Ẹ ro ilẹ̀ yí ààrò ká, kí ẹ gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé èédú tó ń jó, sítóófù tàbí jẹnẹrétọ̀ wọ inú àgọ́ láé, bí ó ti wù kí òtútù mú tó: afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń tú jáde kò ṣe é rí, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ẹ̀fọn tó ń fa ibà máa ń jẹni lóru, nítorí náà kí zíìpù àgọ́ wà ní pípadé láti ìrọ̀lẹ́. Ẹ wọ bàtà, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì nígbàkígbà tí ẹ bá ń jáde nínú òkùnkùn. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fa oró rẹ̀, ẹ má sì di okùn mọ́ ọn pinpin. Ẹ jẹ́ kí apá tàbí ẹsẹ̀ náà wà lójú kan, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn tí ẹ ti wádìí rẹ̀ ṣáájú. Ẹ dé ibùdó kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ẹ má rìn lóru, ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ ń gbà fún ará ilé, kí ẹ sì ní nọ́ńbà Àmọ̀tẹ́kùn àdúgbò náà àti 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, lọ́wọ́.

Lówùúrọ̀, ẹ pa iná náà pátápátá títí eérú yóò fi tutù mọ́ ọwọ́, kí ẹ kó gbogbo ọ̀rá àti ike padà sílé. Bí ìrì bá sẹ̀ sórí àgọ́, ẹ sá a sóòrùn kí ẹ tó ká a pamọ́, nítorí aṣọ rẹ̀ yóò bàjẹ́ bí ó bá wà ní títutù.