Téèpù ni mo kọ́kọ́ máa ń yọ

Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, Àpáta ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bí oníbàárà bá ní kí n bá òun lọ ra páńẹ́ẹ̀lì, nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń jù sínú báàgì: téèpù ìwọ̀n, tẹ́sítà àti aṣọ dúdú kan tó nípọn. Àwọn ọlọ́jà tó mọ̀ mí ti ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, bí mo bá ti yọ sí wọn báyìí, "Káfíńtà ti dé o!" Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀. Téèpù yẹn ti gbà mí lọ́wọ́ jìbìtì ju tẹ́sítà lọ.

Owó ni mo fi kọ́ ọgbọ́n yìí. Ìyá kan tó ń ta ẹja dídì ní Bódìjà ló gbé iṣẹ́ fún mi. Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ni mo bá wọn rà, wáàtì 300 ni wọ́n kọ sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi tẹ́sítà wọn fólítì wọn, ìyẹn agbára tó ń ti iná jáde, níwájú ọlọ́jà, fólítì pé, mo sanwó. A gbé e sórí òrùlé tán, fírísà ò lè dé ìrọ̀lẹ́. Màmá pè mí: "Ọmọ mi, omi ti ń jáde lára ẹja o." Mo gun àkàbà padà. Ooru ti ká etí sítíkà ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì kan sókè díẹ̀. Mo ti èékánná bọ abẹ́ rẹ̀, mo fà á, ó ṣí wẹ́rẹ́. Sítíkà mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀: 180.

Ká ní mo ti wọ̀n ọ́n lọ́jà ni, ǹ bá ti mọ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1.48, ìbú rẹ̀ 0.67. Ẹ fi ẹ̀rọ ìṣirò fóònù yín ṣe é, 1.48 lọ́nà 0.67, ẹ máa rí 0.99. Ìyẹn ni pé gbogbo ojú rẹ̀ ò ju àyè tó gùn ní mítà 1 tó sì fẹ̀ ní mítà 1 lọ. Bí oòrùn bá mú dáadáa, agbára tó ń dà sórí irú àyè bẹ́ẹ̀ ò ju bíi wáàtì 1000 lọ, páńẹ́ẹ̀lì ò sì lè sọ gbogbo rẹ̀ di iná. Ojúlówó ti ìsinsìnyí ń mú bíi 200 sí 230 nínú rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ búlúù ti tẹ́lẹ̀ kì í ju 150 sí 170. Ibo ni 300 fẹ́ gbà wá?

Ẹ wá fi wé páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 550 tó kún ọjà báyìí. Èyí tó wọ́pọ̀ gùn tó mítà 2.28, ó fẹ̀ tó 1.13. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi pín 550, bíi 213 ló máa já sí. Ọ̀rọ̀ dọ́gba nìyẹn. Ó tún máa ń wúwo, bíi kílò 27 tàbí 28. Èyí tó ní gíláàsì níwájú àti lẹ́yìn ń ju 30 lọ. Bí ọmọ ọlọ́jà bá fi ọwọ́ kan gbé "550" wá bá yín, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ojú ló kàn. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ páńẹ́ẹ̀lì sábà máa ń wà lábẹ́ gíláàsì fúnra rẹ̀, níbi tí èékánná ò lè dé. Ẹ wò ó bóyá ó bá ti sítíkà ẹ̀yìn mu. Ní ti IEC 61215 àti IEC 61730 tí wọ́n ń kọ síbẹ̀, ìdánwò gidi ni àwọn méjèèjì, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ̀ ẹ́ sórí sítíkà. Ẹ gbé ojú páńẹ́ẹ̀lì sí oòrùn kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí ìlà tó rí bí ipa ìgbín lórí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti sán nínú, bóyá wọ́n ti gun orí rẹ̀ ni, tàbí ó já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bó bá wú bíi ibi tí omi gbígbóná ti bó ènìyàn, tàbí tí ojú kan ti jó rẹ́súrẹ́sú, ẹ dá a padà.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Èmi ò kórìíra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń ṣèlérí pé páńẹ́ẹ̀lì àwọn á ṣì máa mú nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wá lẹ́yìn ọdún 25, nítorí náà tòkunbọ̀ tí ara rẹ̀ dá sàn lójú mi ju gbàrọgùdù tuntun tó ń dán yanranyanran.

Ó wá ku tẹ́sítà. Kì í ṣe èyí tó dà bíi skrúdíráfà o, èyí tó ní ojú tó ń kọ nọ́ńbà ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí: òpùrọ́ ni fólítì. Bí òjò bá ṣú pàápàá, fólítì páńẹ́ẹ̀lì á fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ibi tí wọ́n ti mú èmi gan-an nìyẹn. Bí oòrùn ọ̀sán bá sì gbóná, fólítì ojúlówó á wálẹ̀, torí pé níbi tí ooru páńẹ́ẹ̀lì ti jẹ́ ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì 25 ni wọ́n ti wọn èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, páńẹ́ẹ̀lì orí páànù sì lè gbóná dé 60. Èyí tí wọ́n kọ 50 sí lè fi 45 hàn. Ẹ má tìtorí ìyẹn bá ọlọ́jà jà. Àmọ́ bó bá jẹ́ 30 sí 33 lẹ rí, ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ. Díódì mẹ́ta, ẹ̀yà kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, ló máa ń wà nínú àpótí dúdú ẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti kú.

Ámpíà, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó, ni kì í parọ́. Tẹ́sítà kékeré ò lè gba ti 550, torí pé ámpíà 10 ni fíúsì ọ̀pọ̀ nínú wọn, páńẹ́ẹ̀lì yẹn sì ń sún mọ́ 14. Èyí tó ní ẹnu bíi ti alákàn, tí wọ́n ń fi há wáyà, ni kí ẹ rà. Kí ẹ tó rà á, ẹ wo ara rẹ̀: lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà A, kí ìlà gbọọrọ wà tó ní ìlà kéékèèké lábẹ́. Bó bá jẹ́ ìlà tó lọ́ bí ejò nìkan ló wà níbẹ̀, iná NEPA ló lè wọ̀n, òfo ló máa kọ fún yín lórí sólà.

Láàárín aago mọ́kànlá sí méjì ọ̀sán, ẹ tẹ́ páńẹ́ẹ̀lì mẹ́ta sílẹ̀ kí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Ẹ fi aṣọ dúdú bo ọ̀kan pátápátá. Ẹ ki ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì bọ ara wọn, ẹ fi ẹnu alákàn há wáyà kan, kí ẹ wá ṣí aṣọ. Ẹ ka nọ́ńbà. Ẹ tún bò ó kí ẹ tó tú wáyà, nítorí iná sólà kì í fẹ́ já bọ̀rọ̀, ó lè ṣẹ́ná sí yín lọ́wọ́. Páńẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lẹ lè ṣe báyìí fún, ẹ má dán an wò lórí èyí tí wọ́n ti so pọ̀. Bí ìkíní bá fi 12.8 hàn, ìkejì 12.6, ìkẹta 9.4, ẹ ti mọ èyí tó máa padà sínú ṣọ́ọ̀bù. Ọyẹ́ lè mú kí gbogbo wọn kéré, ìdí nìyí tí mo fi ń fi wọ́n wé ara wọn.

Bí ẹ bá ti gbé e dé ilé, ẹ ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹ̀rọ tó ń gba iná wọ bátìrì. Láti ara 550, wáàtì 400 sí 450 lọ́sàn-án gangan tẹ́ mi lọ́rùn. Àbúrò kan pariwo lé mi lórí lọ́jọ́ kan: "Bùọ̀dá, 40 péré ló ń mú wá!" Mo bi í pé bátìrì ńkọ́, ó ní ó ti kún. Mo ní kó tan áyọ́ọ̀nù. Ká tó ka ẹẹ́wàá, ó ti ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Bátìrì tó yó kì í gba oúnjẹ mọ́, páńẹ́ẹ̀lì ò sì lè fipá bọ́ ọ.

Owó ara mi ni mo fi ra òmíràn fún Màmá. Ọlọ́jà yẹn ní òun ò mọ̀ mí rí. Mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn ló ń ṣiṣẹ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, a fi ń gba iná sínú fóònù àwọn ará àdúgbò. Ìkẹrin wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, sítíkà méjèèjì ṣì wà lára rẹ̀. Bí ọmọṣẹ́ tuntun bá dé, òun ni mo máa ń ní kó wọ̀n kí n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan tẹ́sítà.