Pátákó ilé ìdáná tí mo fi ọwọ́ ṣe fún Màámi

Ọjọ́ Àìkú kan ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Màámi dojú tíréè dé, wọ́n ń gé ṣàkì lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Tíréè ń yọ̀, ṣàkì ń yọ̀, ọ̀bẹ ń ha irin títí eyín fi ń kan mí. Pátákó rọ́bà tí mo rà fún wọn lọ́dún tó ṣáájú ti kún fún ojú ọ̀bẹ, ojú ọ̀bẹ náà ti dúdú, kò sì sí bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́ tó tí dúdú ọ̀hún ń kúrò. Wọ́n ti jù ú sábẹ́ síǹkì. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n fi igi ṣe òmíràn fún yín."

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ wo? Ìwọ tí ológbò jókòó lé àga tó o kàn, tí àga wó?"

Irọ́ kọ́. N kì í ṣe káfíńtà, iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe jẹun n'Íbàdàn níbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ káfíńtà fi ayùn kan, ìfági onírin kan àti òkúta ìpọ́nbẹ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ, èmi ni mo sì kó wọn. Bàbá káfíńtà tó wà ládùúgbò wa náà gbà kí n máa lo béǹṣì àwọn ní ìrọ̀lẹ́, tí n bá ti lè gbálẹ̀ ìsọ̀ kí n tó máa lọ.

Ọjà pákó Bódìjà ni mo ti ra igi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe pátákó kan ṣoṣo kò ní ohun tó fẹ́ fi odindi pákó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ṣe. Ìgékù ni kó béèrè. Wọ́n máa ń kó o jọ sẹ́yìn ìsọ̀, ẹ máa rí oríṣiríṣi. Arère fúyẹ́, ó sì funfun dáadáa, àmọ́ ó rọ̀ jù, ọ̀bẹ á máa wọ̀ ọ́ bí ẹni ń gé iṣu sísè. Àpá le, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó bá ń kọlu irú igi bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kì í pẹ́ kú, ìfági ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á sì ti ṣáájú rẹ̀ kú. Ìrókò wù mí, ká má purọ́. Bàbá káfíńtà ló ní kí n fi í sílẹ̀: ìyẹ̀ rẹ̀ máa ń yún ọ̀pọ̀ èèyàn lára, ó ń jẹ́ kí wọ́n máa sín, àti pé nígbà mìíràn, òkúta gidi máa ń wà nínú ara ìrókò, tí ayùn bá kàn án, eyín ayùn lọ nìyẹn. Ọ̀gànwó ni mo wá mú. Kò le jù, kò rọ̀ jù, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀ fún Màámi, wọ́n ní ṣé ọ̀gànwó tí wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ ṣe àgbo ibà, tó korò bí nǹkan míì, ni mo fẹ́ kí àwọn máa gé ẹran lé? Mo fi ahọ́n tọ́ igi náà wò níwájú wọn. Kò korò. Èèpo ló ni ìkorò.

Ohun kan wà tí n kò gbọdọ̀ fi pa mọ́: ẹ má ṣe mú pákó òrùlé ṣe pátákó oúnjẹ, bó ti wù kó pọ̀ tó nílé yín. Wọ́n ti rẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ sínú oògùn ikán.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta péré ló gbà mí. Mo gé e, mo fá a, ó tẹ́ bí omi inú àwo, mo fi òróró pa á, gbogbo ilé ń yìn mí. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà ni. Kò pẹ́ tí ọyẹ́ dé. Lọ́jọ́ kan Màámi gbé tòmátì kan lé etí pátákó, tòmátì sì yí gbirigbiri lọ sí àárín fúnra rẹ̀. Wọ́n gbé e padà sétí. Ó tún yí lọ. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn pè mí kí n wá wòran.

Mo gbé e lọ bá Bàbá káfíńtà. Wọ́n fi ìka kàn án kó-kó, wọ́n dà á délẹ̀, wọ́n wo orí rẹ̀ níbi tí ayùn gbà. "Igi yìí ṣì ń mu omi lọ́wọ́ nígbà tó o fi ìfági kàn án." Wọ́n wá fi èékánná tọ àwọn ìlà tó tẹ̀ bí òṣùmàrè lórí pákó náà. Bí igi bá ṣe ń gbẹ ló ń súnkì, ṣùgbọ́n kì í súnkì bákan náà. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ìbú ló ń súnkì, èyí tó bá sì tẹ̀lé òṣùmàrè yẹn máa ń súnkì tó ìlọ́po méjì èyí tó dojú kọ àárín igi. Ìdí nìyẹn tí ojú pákó tó kọ sí èèpo fi máa ń kó sínú nígbà tó bá ń gbẹ, tí etí méjèèjì á gbéra sókè. Kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tó lè bá a jà. Kó ti gbẹ tán kí èèyàn tó fọwọ́ kàn án ni.

Mo bá padà sí Bódìjà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ra ìgékù ọ̀gànwó tó gùn ní ogún ínǹṣì, tó fẹ̀ ní méjìlá, tó nípọn ní ínǹṣì kan àbọ̀. Mo fi ọ̀dà pa orí rẹ̀ méjèèjì, nítorí orí ni omi ti ń yára jáde, ibẹ̀ ló sì ti máa ń là. Mo tò ó lé orí igi pẹlẹbẹ méjì lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo ń gbé e lé òṣùwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn ìyẹ̀fun. Kílò mẹ́rin àti díẹ̀ ló jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 4.3. Ó ń já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ó ti di 3.5, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì tẹ̀ lé ara wọn tí kò kúrò níbẹ̀. Omi inú rẹ̀ ti bá ti ojú ọjọ́ dọ́gba. Ìyàwó mi ní ọmọ tuntun kò gba ìwọ̀n tó báyìí ní kíníkì.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni títẹ́ ojú kìíní. Bí ojú kan bá ti tẹ́, gbogbo ìyókù, ara rẹ̀ lẹ ó ti máa wọ̀n. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó gún régé lé pákó, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo di ojú kan. Bí etí igi méjèèjì bá bára mu, pákó kò lọ́. Tèmi lọ́: igun ọ̀tún lókè gbé apá sókè bí ẹni fẹ́ jó. Mo fi lẹ́ẹ̀dì sàmì síbẹ̀. Mo wá ń fá a ní ìdábùú, láti etí kan sí èkejì, n kò tíì tẹ̀lé gígùn igi. Fífá ìdábùú kì í dán, ṣùgbọ́n ó ń jẹ òkè kíákíá. Mo ń wò, mo ń fá, mo ń wò, títí igi méjèèjì fi di ọ̀kan lójú mi.

Lẹ́yìn náà ni mo yí ìfági sí gígùn igi, ibẹ̀ ni ọ̀gànwó ti fi ojú mi rí màbo. Ìlà ara igi yìí kì í dojú kọ ọ̀nà kan. Bí ìlà kan bá wo ìhà ọ̀hún, èyí tó tẹ̀ lé e á wo ìhà ibí, bí irun tí wọ́n dì pọ̀. Ìfági á lọ ṣììì, ìfákù á máa ká jáde bí ribọ́ọ̀nù, á tó ibì kan, á kàn dún rára, ẹ ó sì rí ojú igi tó fà ya bí awọ ẹsẹ̀ tó sán. Mo yí pákó padà, mo fá a láti ìhà kejì: ibi tó ya dán, ibi tó dán wá ya. Inú bí mi, mo fẹ́ fi sáńpépà fipá mú un. Bàbá káfíńtà gba ìfági lọ́wọ́ mi, wọ́n yọ irin rẹ̀, wọ́n fi ìka àtàǹpàkò kàn án, wọ́n pòṣé. Wọ́n da omi sí òkúta, wọ́n pọ́n ọn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fá irun ẹ̀yìn ọwọ́ wọn bí abẹ onígbàjámọ̀. Wọ́n dá a padà, wọ́n fà á wọnú débi pé etí irin kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ojú, wọ́n sì ní kí n máa dá ìfági sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ bí mo bá ń tì í. Ìfákù tó ń jáde wá fẹ́lẹ́ débi pé mo rí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù gba inú rẹ̀. Èyí tó kù tó tún ya, àfọ́kù gíláàsì fèrèsé ló parí rẹ̀. Àwọn káfíńtà wa ò fi gíláàsì tó fọ́ ṣòfò: wọ́n á di ẹ̀yìn rẹ̀ mú pẹ̀lú aṣọ tó nípọn, wọ́n á dà á díẹ̀, wọ́n á máa ha ojú igi. Ohun tó ń bọ́ kúrò rí bí irun òwú.

Títẹ́ ojú kejì kò le mọ́. Mo kan ìṣó kan mọ́ orí igi kékeré, mo fi ṣe gééjì, mo fi fa ìlà yí etí pákó ká ní ínǹṣì kan àti ìdámẹ́rin, mo fá a dé ìlà, ó tán. Mo fi ayùn gé gígùn rẹ̀ sí ínǹṣì méjìdínlógún, ìbú sí mọ́kànlá. Bí ayùn bá fẹ́ já, ẹ jẹ́ kẹ́nì kan di èyí tó fẹ́ bọ́ mú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á fa igi ya lábẹ́. Orí pákó le fá ju gbogbo ara rẹ̀ lọ. Mo fi àkísà tútù nù ún kó lè rọ̀, mo fá a láti etí kan dé àárín, mo wá láti etí kejì. Ẹni tó bá fá a já láti etí kan sí èkejì, igun tó gbẹ̀yìn á ṣẹ́ ni. (Ti àkọ́kọ́ ṣẹ́. N kò sọ fún Màámi.)

Fún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo dojú agolo mílíìkì dé igun kọ̀ọ̀kan, mo fi lẹ́ẹ̀dì yí i ká, mo fi ayùn yọ èyí tó pọ̀, fáìlì sì ṣe ìyókù. Ihò tí wọ́n máa fi gbé e kọ́, dírílì ọlọ́wọ́ ni mo fi lu ú: mo lu ú dé ìdajì, mo dà á dé, mo wá lu ú láti ẹ̀yìn kó má baà fà ya.

Sáńpépà 80 tó le jù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ sí 120, mo parí rẹ̀ sí 220 tó fẹ́lẹ́ jù. Lẹ́yìn èyí ni mo fi omi nù ún, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Gbogbo irun ara igi ló dìde, ó ń ha ọwọ́. Ó sàn kó dìde lọ́wọ́ mi jù kó dìde lọ́jọ́ tí Màámi bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Sáńpépà mi ti tán nígbà náà, ni Bàbá káfíńtà bá rán mi sí ewé ìpín lẹ́yìn ìsọ̀, èyí tí àwọn ìyá wa ń fi ha ìdí ìkòkò. Mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ewé yẹn ń ha bí ahọ́n ológbò. Àwọn tó ń gbẹ́ ère ti ń lò ó kí sáńpépà tó dé, mo sì wá rí ìdí rẹ̀: ó ń tẹ̀ bá kọ̀rọ̀ àti ihò tí pépà kò lè wọ̀. Ewé mẹ́fà ni mo lò.

Ó wá ku òróró. Mo ti fi òróró ẹ̀pà pa àkọ́kọ́, láàárín oṣù kan ó ti ń rùn bí ẹ̀pà tó ti bàjẹ́. Epo pupa á pa ẹ̀fọ́ láró. Paráfíìnì olómi tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ni mo rà, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí ìgbẹ́ há. Kì í ṣe kẹrosíìnì o, ẹ jọ̀ọ́. Kì í rùn, kì í bàjẹ́. Mo fi pa á lẹ́ẹ̀mẹrin ní alẹ́ mẹ́rin, orí méjèèjì ló sì mu ún jù. Ní alẹ́ karùn-ún, mo fi ìda oyin kún un, irú ìda tí àwọn tó ń rọ idẹ fi ń ṣe ère kí wọ́n tó da idẹ sí i. Ṣíbí ìda kan sí paráfíìnì mẹ́rin, nínú agolo tó wà nínú omi gbígbóná, nítorí ìda máa ń gba iná tó bá kan iná tààrà. Bí mo ṣe fi àkísà pa á, pupa tó ti sùn sínú igi jí. Àwọn ìlà tó fìyà jẹ mí yẹn wá ń dán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí mo bá gbé e síhìn-ín, èyí á mọ́lẹ̀, èyí á ṣú, bí mo bá yí i, wọ́n á pààrọ̀.

Màámi gbà á, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, wọ́n ní ó dára jù fún ṣàkì. Wọ́n gbé e kọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀yìn tíréè ni wọ́n ṣì ń gé ẹran lé. Ìyàwó mi ló sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan tí wọn ò sí nílé, ó gé ilá lé e. Nígbà tí wọ́n dé, tí wọ́n rí omi ilá tó ń yọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ pariwo, wọ́n fọ ojú méjèèjì, wọ́n fi ìdúró gbé e ti ògiri kó gbẹ, bí mo ṣe ní kí wọ́n máa ṣe. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n gé àlùbọ́sà lé e. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ṣàkì.

Ọyẹ́ méjì ti kọjá lórí rẹ̀. Mo máa ń gbé tòmátì lé etí rẹ̀ nígbà mìíràn tí Màámi kò bá wò mí, kì í kúrò níbi tí mo bá gbé e sí. Èyí àkọ́kọ́ náà ò ṣòfò. Wọ́n dojú rẹ̀ dé ìkòkò omi wọn, kíká tó ká yẹn ni kì í jẹ́ kó yọ̀ bọ́.